Kí Ibùdó Wa Jẹ́ Mímọ́
Ẹ kà: Deutarónómì 23:9–14

Bí a bá gbọ́ pé ọmọ ogun kú, ìbọn ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà (1861–1865), bí ọmọ ogun mẹ́ta bá kú, àrùn ló pa bíi méjì nínú wọn. Ọjọ́ ìjà kò tó ọjọ́ ibùdó: bísíkí líle, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀, kọfí, àgọ́ tó há. Ní ibùdó púpọ̀, wọ́n ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ nítòsí omi mímu, wọn kò sì bò ó. Ìgbẹ́ ọ̀rìn àti ibà taifọ́ọ̀dù bá wọn kí ọ̀tá tó dé.

Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run ti pàṣẹ fún Ísírẹ́lì tipẹ́: kí ọmọ ogun mú ìwalẹ̀, kí ó bo ẹ̀gbin rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ibùdó, nítorí Olúwa ń rìn láàárín wọn.

Nílẹ̀ àjèjì yìí, à ń gbààwẹ̀ nítorí ọ̀tá ìta: ìwé ìgbélùú, owó ilé, ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Tọkọtaya ń fi iṣẹ́ òru sá fún ara wọn. À ń sọ ọ̀rọ̀ kíkorò létí ọmọ. Ìjà ọdún mẹ́ta kò tíì tán láàárín ará méjì.

A kò ní kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Kí a jẹ́wọ́ rẹ̀, kí a tọrọ àforíjì, kí a sin ín, kí a má sì hú u mọ́. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwalẹ̀ wa lálẹ́ òní. Olúwa fẹ́ rìn nínú ilé wa. Àmín.