Kí a tó dà á sí ààtàn



Bí babaláwo bá gbé ọpọ́n kalẹ̀, ìyẹ̀rosùn ni yóò kọ́kọ́ bù sí i. Lára igi ìrosùn tí ikán ti jẹ ni wọ́n ti ń gbọn ìyẹ̀ náà. Ikán jẹun yó, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá fẹ́ ẹ dànù. Àmọ́ lórí ìyẹ̀ yìí ni ìka awo ti ń tẹ Odù, tí ọ̀rọ̀ Ọ̀rúnmìlà ń hàn sójú. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí a tó pe nǹkan ní ìdọ̀tí, kí a kọ́kọ́ bi í léèrè ìwà rẹ̀.

Ní Brandon, ní Suffolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iléeṣẹ́ Carbon8 gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ka iwájú eérú lọ́dún 2012. Eérú tí wọ́n sẹ́ nínú èéfín ni, níbi tí wọ́n ti ń sun pàǹtírí ìlú. Ewu wà nínú rẹ̀: ó ń jó awọ, òjé sì wà lára rẹ̀. Wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n tú carbon dioxide sí i, wọ́n fi ohun tí yóò mú un ṣù kún un. Ó di hóró wẹẹrẹ tó le bí òkúta, wọ́n sì fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù.

Kí ló fà á? Kálísíọ́ọ̀mù inú eérú náà ló ń fa carbon dioxide mọ́ra. Ẹ wo òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì. Bí a bá sun 100 kìlógíráàmù èyí tí kò lábùlà, 44 á di carbon dioxide bá èéfín lọ, 56 á ṣẹ́kù. Irú èyí tó bá èéfín lọ yẹn ni wọ́n ń pè padà wálé di òkúta. Ìgbín ti mọ iṣẹ́ náà tipẹ́. Irú èròjà òkúta ẹfun yìí ló fi ń mọ ìkarahun rẹ̀.

Bí Ifá bá sọ̀rọ̀ tán, awo kì í gbọn ìyẹ̀rosùn tó tẹ Odù sí dànù. Ó ń bù ú sórí ẹbọ. Ẹbọ ni mo ka iṣẹ́ sísọ eérú di òkúta yìí sí, torí ó ń sọ ibi di ire. Ṣùgbọ́n èéfín tí ayé ń tú sókè pọ̀ púpọ̀ ju èyí tí eérú lè gbé mì lọ. Ẹni tó rúbọ lówùúrọ̀, tó tún padà sídìí àṣìṣe rẹ̀ lálẹ́, kò tíì gbọ́ Ifá. Ẹ jẹ́ ká sọ eérú di òkúta, ká sì dín iná tó ń bí i kù. Ìwà ló ń jẹ́ kí ẹbọ dà.