Ẹ Dán Bátìrì Wò Kí Ẹ Tó Dá A Lẹ́bi

 

Bí ẹ bá gba Ìjẹmọ̀ kọjá ní ìdájí, nígbà tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń múra àtijáde, ẹ lè bá mọ́tò kan tó kọ̀ tí kò stáàtì. Ẹni tó ni ín yí kọ́kọ́rọ́, ó gbọ́ "kọ́!", mọ́tò dákẹ́. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Bátìrì ti kú." Ìkejì ni pé, "Ríwáyà tó tún un ṣe lọ́jọ́sí, olè ni." Ẹjọ́ ti parí, bọ́nẹ́ẹ̀tì ò tíì ṣí.

Ìbéèrè tiwa láàárọ̀ yìí ni pé: ṣé ó tọ́ ká dá ẹnìkan lẹ́bi torí pé òun ló wà nítòsí nígbà tí nǹkan bàjẹ́?

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu mọ́tò ná. Bátìrì tó kún máa ń ka bíi volt 12.6 lórí mítà tí ẹ́ńjìnì bá wà ní pípa. Tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó gòkè sí bíi 14, torí alternator ń dá iná padà sínú rẹ̀. Tí kò bá gòkè, ẹ ra bátìrì tuntun lónìí, òun náà á tún kú. Nígbà míì sì rèé, bátìrì péye, àmọ́ orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ìyẹ̀fun funfun ti bò ó. Agbára wà nílé, kò rọ́nà jáde ni. Omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì ló ń fẹ́.

"Ṣebí rédíò ń kọrin?" Bẹ́ẹ̀ ni. Iná díẹ̀ ló tó rédíò, ṣùgbọ́n sítátà lè gbà ju amp 100 lọ. Ènìyàn náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kí yín tẹ̀rín-tẹ̀rín lè máà ní agbára fún ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé lé e lórí.

Ọmọ mélòó la ti pè ní olódo, tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni kò ríran dé pátákó? Ọmọọṣẹ́ mélòó la ti lé, tí a gba òmíràn, tí àléébù ò sì kúrò, torí pé ọ̀dọ̀ àwa ọ̀gá ló wà?

Àwọn àgbà ní a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nínú Jòhánù orí keje, ohun tí Nikodémù bi àwọn Farisí náà nìyẹn: ṣé òfin wa ń dá ẹni tí a kò tíì gbọ́ tẹnu rẹ̀ lẹ́jọ́ ni?

A ò ní ká má bá ẹnikẹ́ni wí o. Bátìrì míì ti kú lóòótọ́, ríwáyà míì sì ń gbowó láìṣiṣẹ́. Tí a bá ti yẹ̀ ẹ́ wò, ká sọ òótọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, bó tilẹ̀ bọ́ sí i, kò tíì di òdodo.

Iṣẹ́ òní: ẹ rántí ẹnìkan tí ẹ ti sọ pé kò wúlò mọ́. Ẹ bi í pé, "Kí ló ń dí ẹ lọ́wọ́?" Kí ẹ sì dákẹ́ títí yóò fi dáhùn.

Olúwa, jẹ́ kí etí wa ṣáájú ẹnu wa lónìí. Àmín.