Ẹ Tún Ibi Tó Kọjú sí Ilé Yín Ṣe

  

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 3:1-12, 28-30

Nígbà tí Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, ògiri ìlú ti wó, iná ti jó ẹnubodè. Kò gbé iṣẹ́ náà fún agbaṣẹ́ṣe kan. Ó pín in fún gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ sì tún ibi tó kọjú sí ilé ara wọn ṣe. Àlùfáà mọ ọ́n, alágbẹ̀dẹ wúrà mọ ọ́n, ẹni tó ń ṣe lọ́fínńdà mọ ọ́n, àwọn ọmọbìnrin Ṣálúmù náà mọ ọ́n. Àwọn ọlọ́lá Tékóà ni kò fẹ́ ki ọrùn bọ iṣẹ́.

Ará mi, ìjọba tiwa-n-tiwa náà, ògiri ni. Òun ló yẹ kó dáàbò bo tálákà lọ́wọ́ alágbára. Ní Nàìjíríà, a mọ àwọn tó wó o láti òkè. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà, 1993, àwọn òbí wa tò, wọ́n dìbò wọ́ọ́rọ́wọ́. Ní ọjọ́ 23 oṣù kan náà, ìjọba ológun fagi lé e. Olóyè MKO Abíọ́lá tí èsì ìbò ń gbè kú sí àtìmọ́lé ní 1998.

Ológun ti kógbá wọlé láti 1999. Kí ló dé tí ògiri ṣì ń wó?

Lọ́dún 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 93. Lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ, nínú ènìyàn mẹ́wàá, àwọn tó dìbò kò tó mẹ́ta. Kì í ṣe gbogbo àwọn tó kù ló ya ọ̀lẹ o. Ìbẹ̀rù jàǹdùkú dá àwọn kan dúró. Èmi tí mò ń wàásù yìí ńkọ́? Ilé ni mo wà. Káàdì ìdìbò mi wà láàárín Bíbélì mi. Mo fọṣọ, mo wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n kéde èsì, èmi ni mo pariwo jù ládùúgbò! Ọlọ́lá Tékóà ni mí lọ́jọ́ náà. Mo ti bẹ Ọlọ́run.

Ti "dìbò kóo sebẹ̀" ńkọ́? Ìyá kan sọ fún mi pé òun gbowó náà torí pé àwọn ọmọ òun ò tíì jẹun. Mi ò lè sọ òkò lù ú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ebi ló pa Ísọ̀ náà. Ọbẹ̀ tán, ogún ìbí lọ. Ọbẹ̀ ọjọ́ kan, ìyà ọdún mẹ́rin ni. Ẹ sì ka orí 5: Nehemáyà ní kí àwọn ọlọ́rọ̀ dá oko tálákà padà, òun fúnra rẹ̀ kò jẹ oúnjẹ tó tọ́ sí gómìnà. Ìjọ tó bá fẹ́ wàásù pé kí aládùúgbò má ta ìbò, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti jẹun.

Ìdìbò ẹgbẹ́ nínú ìjọ wa ńkọ́? Ṣé a kì í ti mọ ẹni tí wọ́n máa fi joyè kó tó di ọjọ́ ìpàdé? Ṣé akápò ń ka ìṣirò owó síta? Ẹni tó ń yí ìbò nínú ẹgbẹ́ akọrin, ẹnu wo ló fẹ́ fi bá olóṣèlú wí?

Iṣẹ́ òní: Ẹ wá káàdì ìdìbò yín jáde. Ẹ wádìí orúkọ kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ bu oúnjẹ fún ilé kan tí iná kì í sábà jó lábẹ́ ìkòkò wọn.

Ọjọ́ 52 ni wọ́n fi parí ògiri náà, torí pé oníkálùkù dì í mú níbi tirẹ̀.

Àdúrà: Baba, dárí jì mí níbi tí mo ti káwọ́ gbera. Fún mi lágbára láti tún ibi tó kọjú sí ilé mi ṣe. Má jẹ̀ẹ́ kí ebi sọ wá di ẹrú ní ilẹ̀ wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.