Ṣé Ká Gé Ẹ̀kọ́ Ológun Kúrú?

(Odo-Ape, ní ilẹ̀ Bùnú. Olú, ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú, bá Bàbá Sájẹ́ǹtì, tó ja ogun Biafra, lójúde rẹ̀.)

OLÚ: Ọ̀kún o, Bàbá.

BÀBÁ: Ọ̀kún, ọmọ mi. O ò lọ oko?

OLÚ: Oko wo? Ẹ̀rù ajínigbé ò jẹ́ ká wa iṣu. Ìjọba fẹ́ gba ọlọ́pàá 20,000 sí i, ẹ wá dìde nípàdé ìlú pé kí wọ́n má kánjú kọ́ wọn!

BÀBÁ: Mi ò ní kí wọ́n má gbà wọ́n. Mo gbọ́ ohun tí Ààrẹ Tinubu sọ ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2025. Ó ní kí wọ́n lo ibùdó àgùnbánirọ̀ láti kọ́ wọn, kí àwọn ọlọ́pàá tó ń tẹ̀lé bọ̀rọ̀kìnní kiri sì gba ẹ̀kọ́ wàràwéré kí wọ́n tó lọ síbi tó le. Wàràwéré yẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ti ń gbé báàgì ìyàwó olówó láti ọjọ́ yìí!

OLÚ: Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ogun ní Zaria. Ta ló máa kù níbí kí oṣù mẹ́fà tó pé? Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà wo ni wọ́n ráyè kọ́ yín?

BÀBÁ: Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ọmọ ogun Nàìjíríà ò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tó parí ní 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000.

OLÚ: Ẹ sì ṣẹ́gun. Ẹ sì wà láàyè.

BÀBÁ: Èmi tó kù lò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọta há sínú ìbọn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n fi bí a ṣe ń yọ ọ́ hàn wá ní bárékè, lọ́sàn-án gangan. Òru sì ni lọ́jọ́ yẹn. Ó ń fọwọ́ wá ibi tí yóò fà, kò rí i. Ó gbórí sókè kó bi mí léèrè, ibẹ̀ ni ọta ti bà á.

OLÚ: Ewu iṣẹ́ nìyẹn, Bàbá. Òun ló fínnúfíndọ̀ wọṣẹ́ ogun.

BÀBÁ: Ìwọ ńkọ́? Bí ọmọ tí wọn ò kọ́ tó bá pàdé rẹ nínú igbó lóru, tìwọ ti ṣakabùlà lọ́wọ́, kí ló máa fi mọ̀ pé ọdẹ ni ọ́? Ìbọn yíyìn kì í pẹ́ kọ́. Ìfarabalẹ̀ tí kò ní jẹ́ kó yìn ín ló ń pẹ́. Abuja ni ẹni tó gé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kúrú wà. Ìwọ àti ọmọ yẹn lẹ máa san gbèsè ọ̀hún.

OLÚ: Lọ́dún 2014, Nàìjíríà ní kí Amẹ́ríkà dáwọ́ ẹ̀kọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa kan dúró láìparí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣì gba ìlú Gwoza padà lọ́wọ́ Boko Haram.

BÀBÁ: Àwọn ará South Africa tí ìjọba fowó gbà wà nínú ogun ọdún yẹn, arúgbó ojú ogun ni wọ́n. Ẹ̀kọ́ tí a ò parí nílé, a lọ rà á níta.

OLÚ: Ká wá jókòó máa retí ìgbà tí àwọn ọlọ́pàá yìí máa parí ẹ̀kọ́?

BÀBÁ: Rárá. Kí wọ́n gba ẹ̀yin ọdẹ tó ti mọ igbó. Kí wọ́n dín yíyan kù, àti bàtà dídán; èmi ò rí ọjọ́ tí yíyan gba ẹnikẹ́ni là. Kí wọ́n má sáà fọwọ́ kan òru inú igbó àti ìtọ́jú ẹni tó fara gbọta.

OLÚ: Ẹ gbà kí wọ́n gé e kúrú nìyẹn!

BÀBÁ: Mo gbà, níbi tí kò ti ní pààyàn. Bí wọ́n bá kó àwọn ọlọ́pàá náà dé, kí ẹ tó pàtẹ́wọ́, ẹ bi ọ̀gá wọn pé òru mélòó ni wọ́n lò nínú igbó. Bí kò bá rí èsì fún yín, ẹ ní kó kó wọn padà.