Ilẹ̀ Tí A Gbà Lò, Báwo Ni A Ó Ṣe Dá A Padà?

Ẹ̀yin ará wa ní Port Harcourt,

Púpọ̀ nínú wa ni kò ní ilẹ̀ níhìn-ín. A háyà ṣọ́ọ̀bù, a háyà yàrá, àwọn mìíràn sì háyà ilẹ̀ gbalasa tí wọ́n ń kó tẹlifíṣọ̀n tó ti kú, kọ̀ǹpútà àti bátìrì ọkọ̀ sí. Ìbéèrè mi ni pé: bí ènìyàn bá san owó ilẹ̀ pé pérépéré, ǹjẹ́ ó ti ra ẹ̀tọ́ láti fi májèlé sílẹ̀ nínú rẹ̀?

Àwọn kan á ní, “Onílẹ̀ mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe kí ó tó gba owó mi.” Ṣùgbọ́n nínú òfin ẹ̀sìn wa, ohun tí a háyà, àmánà ni. Owó tí a san, ti ìlò rẹ̀ ni, kì í ṣe ti ohun náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó háyà kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ tú táyà rẹ̀ tà.

Òjé wà nínú dígí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ onídìí ńlá, ó lè ju kílò kan lọ. Bátìrì kún fún un. Bí àwọn ọmọkùnrin bá dáná sun wáyà kí bàbà lè jáde, tí wọ́n fọ́ dígí, tí wọ́n da omi bátìrì sílẹ̀, òjé a wọlẹ̀. Kì í jẹrà bí ewé. Ọmọ tó ń rákò ni yóò fọwọ́ kó o sẹ́nu, a sì ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

Ní Ogijo, ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì, ìwé ìròyìn New York Times àti The Examination ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ 70 ènìyàn, wọ́n sì ròyìn rẹ̀ ní 2025: nínú ènìyàn 10, òjé tó lè pani lára wà lára 7. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàrin ilé pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ní 2013, wọ́n ṣì ń gbẹ́ erùpẹ̀ kúrò ní abúlé Bagega. Ẹ gbọ́ o: gbígbẹ́ ni, kì í ṣe fífọ̀.

Nítorí náà, àdéhùn àwa àti onílẹ̀ kò parí ọ̀rọ̀. Ọmọ tí yóò gbé ibẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò sí níbẹ̀ nígbà tí a ń kọ ìwé. Onílẹ̀ lè yọ̀ǹda ohun tirẹ̀. Kò lè yọ̀ǹda ọpọlọ ọmọ ọlọ́mọ. Bí òun náà bá sì mọ̀, tó kọ́lé síbẹ̀ fún ayálégbé láìsọ, ọjà alábùkù ló tà, àbùkù tí olùrà kò lè fojú rí.

N kì í bá àwọn ọmọ tó ń sun wáyà wí púpọ̀. Ebi ló gbé wọn débẹ̀, àwọn náà ló sì kọ́kọ́ ń fa èéfín rẹ̀ símú. Àwa tí à ń ra bàbà ni mò ń bá wí. Bí a bá ń san owó kan náà fún wáyà tí a jó àti èyí tí a fọ̀bẹ bó, iná ni wọn yóò máa dá, nítorí iná yá ju ọ̀bẹ lọ. Kí a fẹnu kò lórí iye tí a ó fi lé èyí tí a bó ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá sì ń gba ilẹ̀ tuntun fún iṣẹ́ yìí da kọnkéré sí i kí ẹrù tó dé.