Àmì Ara àti Ojú Tí A Fi Ń Wò Ó

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn yọ àmì tí Ẹlẹ́dàá dá mọ́ ọn kúrò lára? Mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà kan ní Ṣakí pé kò tọ́: àmì dúdú tí ó wà létí imú ọmọ ni a ó fi dá a mọ̀ láàárín èrò. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀.

Àwọn baba wa kò ka awọ ara sí ohun tí ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn. Àwọn ni wọ́n kọ àbàjà, pélé àti gọ̀m̀bọ́ sójú ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2003 ti ka irú ilà bẹ́ẹ̀ lára ọmọdé léèwọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹlẹ́ran ara ló ni ara rẹ̀. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ yọ àmì kan, èmi kò ní pè é ní abaramóore-jẹ.

Ọ̀nà tí a ń gbà yọ ọ́ ni mo bá wí. Àwọn mìíràn ń fi sóòdà tí a fi ń ṣe ọṣẹ jó o, tàbí kí wọ́n fi òwú so ó títí yóò fi já. Àpá kì í jọ ara. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, àpá tilẹ̀ lè wú ju àmì tí a ń sá fún lọ. Dókítà a fún ojú ibẹ̀ lábẹ́rẹ́ kí ó má baà dunni, a fi abẹ gé e, a sì fi ohun tí ó gé ránṣẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí ó bá fura sí i. Ẹni tí ó jó o ti jó ẹ̀rí.

Ẹ̀rí kí ni? Ní 1977, wọ́n rí jẹjẹrẹ awọ ara lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ Bob Marley, olórin Jàmáíkà. Ó kú ní 1981, ní ẹni ọdún 36. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n láàárín wa, ṣùgbọ́n àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ àti abẹ́ èékánná ni ó sábà máa ń fara pamọ́ sí. Àwọn kóró dúdú wẹ́wẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó máa ń wọ́pọ̀ nínú ẹbí kan náà, kì í pani lára. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí: èyí tí kò ṣe nǹkan ni a ń náwó lé lórí, nítorí pé ojú ayé ń wò ó; àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn kò sì yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò títí àmì ibẹ̀ yóò fi di egbò tí kò jinná.

Ìtìjú ni ó ń darí ojú wa, kì í ṣe ìtọ́jú. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àmì tí ó bá ń tóbi, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, tàbí tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ, ìbáà ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí. Èyí tí ó bá dákẹ́ jẹ́ẹ́, kí oní-nǹkan yàn fúnra rẹ̀.