Ta Ni Ó Ni Ìtumọ̀ Iyanrìn?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà Ìbà àti Okokomaiko wá sí kíláàsì ní Ọ̀jọ́, ẹ mọ òkìtì iyanrìn tí í wà níwájú àwọn ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dúró wo ọmọbìnrin kékeré kan lórí ọ̀kan nínú wọn. Ó fi iyanrìn kọ́lé, ó fi igi ṣe ènìyàn mẹ́ta, ó ri ọ̀kan mọ́lẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ orí rẹ̀ dáadáa. Ìyá kan tó ń kọjá lọ ní, "Ẹ wo ọmọ yìí! Emèrè ni."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé: ta ni ó ni ìtumọ̀ ohun tí ọmọdé bá fi iyanrìn ṣe?

Irú eré yìí ti di ìwòsàn ọkàn lọ́wọ́ àwọn òyìnbó. Obìnrin oníṣègùn kan, Margaret Lowenfeld, ni ó gbé e kalẹ̀ ní London ní 1929, fún àwọn ọmọ tí ìbẹ̀rù tàbí ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè sọ ti inú wọn. Àpótí pẹrẹsẹ ni, tí a bu iyanrìn sí. Wọ́n kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ aró, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọmọ bá wọ́ iyanrìn sápá kan, omi ni yóò rí. Ẹran, ilé, ọkọ̀ àti ọmọlangidi wà nítòsí; èyí tó wù ú ni yóò mú. Dora Kalff, ará Swítsálandì, kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì mú un gbòòrò. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé Lowenfeld kò fẹ́ kí oníṣègùn máa túmọ̀ iṣẹ́ ọmọ fún ọmọ. Ọmọ ni kí ó sọ ohun tó jẹ́.

Ẹnìkan lè ní èyí kò bá àṣà wa mu. Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi kò lè rí i. Babaláwo tẹ ìyẹ̀rosùn lójú ọpọ́n, òun náà ni ó kì í. Àlùfáà tẹ yanrìn, òun náà ni ó kà á. Ẹ dákun, ẹ tún un wò. Ẹni tó lọ dá Ifá kì í sábà sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún babaláwo. Owó ni ó ń sọ ọ́ sí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Babaláwo yóò máa kì ẹsẹ Ifá lọ, títí ẹni náà yóò fi gbọ́ èyí tó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu. Àní lójú ọpọ́n, ẹni tí ọ̀ràn kàn ní ìpín nínú ìtumọ̀. Kí ló dé tí a óò fi ìpín náà du ọmọdé?

Ìtumọ̀ ìkánjú léwu. Ní ilẹ̀ wa, a ti na ọmọ, a ti febi pa á, a ti lé e kúrò nílé, nítorí pé ẹnìkan pè é ní àjẹ́. Igi tí ọmọ rì mọ́lẹ̀ lè jẹ́ bàbá tó kú. Ó sì lè jẹ́ iṣu tó gbìn.

Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá la ẹnu sọ pé ẹni tí òun rì mọ́lẹ̀ ni ẹni tó ń fìyà jẹ òun ńkọ́? Ṣé kí oníwòsàn pa á mọ́ra? Èmi kò gbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti 2007, fi ire ọmọ ṣáájú. Kìkì pé kí ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà pé, "Mo ń lọ sọ ọ́ fún ẹni tó lè gbà ọ́."

Nígbà tí mo padà dé ibi òkìtì náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti kó iyanrìn náà pò mọ́ sìmẹ́ǹtì. N kò bi ọmọ náà ní ohunkóhun lánàá ọjọ́ náà. N kò sì dá ìyá yẹn lóhùn. Èyí èkejì ni ó ń dùn mí.